Àgọ́ Alágbèéká fún Ẹja Pípa Lórí Yìnyín

Àgọ́ alágbèéká fún ẹja pípa lórí yìnyín ni ibòji aláṣọ tí apẹja máa ń wọ́ lọ sórí adágún tó ti dì, tí yóò ta síbi tó bá ti rí ẹja, tí yóò sì tú palẹ̀ nígbà tó bá ń lọ. Ó wọ́pọ̀ ní àríwá Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Wisconsin àti Michigan, ó sì wọ́pọ̀ bákan náà ní Kánádà tó múlé tì wọ́n. Ní Minnesota nìkan, adágún tó tó éékà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé ní 11,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì máa ń dì gbagidi láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta. Ẹni tó bá ń wo àgọ́ yìí lókèèrè lè rò pé ilé kékeré kan ni, pé torí kí òtútù má baà pa ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Èrò àyọkà yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Kí apẹja lè ṣípò ni wọ́n ṣe ṣe àgọ́ yìí. Ooru tó ń rí nínú rẹ̀, èènì ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìbéèrè kan náà ló yẹ ká fi wọn bí wọ́n ṣe ń ta á, bí wọ́n ṣe ń to ẹrù sí i, àti ẹrù tó yẹ kó tilẹ̀ tẹ̀ lé apẹja kúrò nílé: ṣé èyí á jẹ́ kí ó tètè kúrò lójú kan nígbà tó bá yẹ kó kúrò?

Ìtàn ibòji orí yìnyín kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru rárá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ agbègbè náà, bí àwọn Ojibwe, ti ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja láti ojú ihò yìnyín tipẹ́tipẹ́ kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé. Wọn a dọ̀bálẹ̀ sórí yìnyín, wọn a fi awọ ẹran tàbí aṣọ nípọnnípọn bo orí àti ihò pọ̀, wọn a sì máa mú ẹja kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́ jó nínú omi kí ẹja ńlá lè wá yọjú. Òkùnkùn ni wọ́n ń fi ibòji wá. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ò bá wọlé láti òkè, omi inú ihò a mọ́ kedere láti ìsàlẹ̀, ojú a sì ríran wọ ibú. Àwọn agbẹ́gilére Lac du Flambeau ní Wisconsin lókìkí títí di òní nítorí ẹja onígi wọ̀nyí, òfin Minnesota sì ṣì fàyè gba kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún ẹja northern pike nínú ilé òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé onípákó dé, pẹ̀lú sítóòfù nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sórí adágún bíi Mille Lacs ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, tí kì í sábà kúrò níbẹ̀ títí òtútù fi ń lọ. Ilé yìí gbóná, ó sì tuni lára, àmọ́ ojú kan ló wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni apẹja ọmọ Minnesota kan tó ń jẹ́ Dave Genz kan férémù aláṣọ mọ́ sílẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ọpọ́n ńlá tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín, tí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ fi lè fa aṣọ náà bo ara rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Fish Trap ni orúkọ tó fún un. Ó pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja lábẹ́ omi, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n lu ihò púpọ̀, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì jókòó ti ihò tí kò sí ẹja lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló yí iṣẹ́ náà padà.

Ìdí tí ṣíṣípò fi ń lérè wà nínú omi fúnra rẹ̀. Omi a máa wúwo jù lọ nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, omi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ a léfòó, òun ni yóò sì di yìnyín lókè, tí ìsàlẹ̀ adágún á ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Ẹja wà láàyè lábẹ́ ibẹ̀, àmọ́ wọn kì í wà lójú kan. Ní kùtùkùtù òtútù, koríko inú omi tí kò jìn ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹja sì pọ̀ níbẹ̀. Bí òjò dídì bá ti wá bo yìnyín, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò ní wọlé mọ́, koríko á kú, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi ibẹ̀ á sì dín kù. Ẹja crappie á kó lọ sínú ibú, wọn a máa léfòó ní agbedeméjì omi níbi tí ẹni tó ń fi ìwọ̀ kan ilẹ̀ ò ti lè bá wọn pàdé. Ẹja walleye ní tirẹ̀ fẹ́ràn àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́: á kúrò nínú ibú, á gòkè wá sórí òkìtì òkúta abẹ́ omi láti jẹun. Àwọn kan á ní ẹni tó bá mú sùúrù jókòó sórí òkìtì bẹ́ẹ̀, ẹja á wá bá a lójoojúmọ́, kí ló wá dé tó fi ń da ara rẹ̀ láàmú? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ìdí sì nìyẹn tí ilé onípákó kò fi tíì parẹ́. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni walleye fi ń wà lórí òkìtì. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò lè ṣí nílẹ̀ á jókòó ti ihò òfìfo ní ìyókù ọjọ́, nígbà tí alágọ̀ọ́ á ti bá ẹja perch àti crappie nínú ibú lọ́sàn-án kó tó padà wá bá walleye nírọ̀lẹ́.

Oríṣi mẹ́ta ni àgọ́ yìí pín sí lóde òní. Àkọ́kọ́ ni irú ti Genz, tí wọ́n ń pè ní flip-over: àga, férémù àti aṣọ wà lórí sílẹ́ẹ̀dì, ẹrù sì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní hub, tí ọ̀pá fáíbà inú ògiri kọ̀ọ̀kan pàdé ní ojú ìkorítà kan láàrin rẹ̀. Bí a bá fa ojú náà síta, ògiri á le gbọingbọin. Ẹ̀kẹta ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó ń pa dé bí àpótí, kò sì gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Hub ló ń fúnni láàyè jù fún owó tí a san, ó sì fúyẹ́ ju flip-over lọ. Flip-over ló yá jù láti ta àti láti tú. Fún ẹni tó ń dá nìkan lọ, flip-over ló dára jù, àníyàn pé ó wúwo kò sì fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí sílẹ́ẹ̀dì tí onítọ̀hún ì bá fi wọ́ ẹrù tẹ́lẹ̀ ló ti di ìdí àgọ́ náà.

Kí wọ́n tó ta ohunkóhun, yìnyín ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi léèrè. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun àlùmọ́ọ́nì àdáyébá ní Minnesota sọ pé yìnyín tuntun tó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ nípọn tó ínṣì 4 kí èèyàn tó rìn lórí rẹ̀, kó sì tó 5 sí 7 kí ọkọ̀ kékeré orí òjò dídì tó gùn ún. Yìnyín funfun, èyí tí òjò dídì dà pọ̀ mọ́, kò lágbára ju ìdajì ti èyí tó mọ́ lọ, ìlọ́po méjì ìnípọn ló sì gbà. Kò sí yìnyín tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní já, nítorí ìsun omi, odò tó ń ṣàn wọlé àti òjò dídì tó bò ó mọ́lẹ̀ lè mú kí apá kan tinrín nígbà tí ìkejì nípọn. Nítorí náà, ọ̀pá irin olójú mímú ni apẹja ọlọgbọ́n fi ń gún iwájú rẹ̀ bó ṣe ń rìn, á sì tún lu ihò yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Ibí yìí ni àtakò kan ti máa ń wáyé: wọ́n ní nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà tó ń fa ẹrù, kí lèèyàn tún ń da ara rẹ̀ láàmú lórí ìwúwo ẹrù fún? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, tí ẹ́ńjìnnì kankan ò gbọdọ̀ dé orí rẹ̀, wà lára ìgbà tí ẹja máa ń jẹun dáadáa jù lọ. Ẹrù tí ẹsẹ̀ méjì kò bá lè wọ́, kò sí nínú ìpẹja ọ̀sẹ̀ náà. Ọkọ̀ pẹ̀lú sì ń bàjẹ́. Ẹni tó wà ní máìlì méjì sí èbúté tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti dá iná, ẹsẹ̀ ni yóò fi wọ́ ohun tó gbé wá.

Ihò ló yẹ kó ṣáájú àgọ́. Ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń ta àgọ́ tán kí wọ́n tó lu ihò nínú rẹ̀, torí hub kò ní ilẹ̀, ó sì gba ìlu yìnyín láàyè. Ìgbà tí wọ́n bá wá gbé ẹ̀rọ ìwẹ́ja sínú omi ni wọ́n ń rí i pé ìdí ihò òfìfo ni àwọn jókòó sí, ó sì ti sú wọn láti tú u. Kí wọ́n lu ihò mélòó kan síta, kí wọ́n wò wọ́n, kí wọ́n tó wá fi àgọ́ bo èyí tí ẹja wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n fi ṣọ́bìrì ha òjò dídì kúrò níbi tí wọ́n máa jókòó sí, torí bí iná bá mú un, ẹrẹ̀ olómi ni yóò dà, àmọ́ kí wọ́n kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó le jù ni ẹ̀fúùfù. Kò sí igi lórí adágún, kò sí òkè, kò sí ohun tó ń dá a dúró, bí ìyára rẹ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ògiri àgọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Àgọ́ hub tí a kò tíì kàn mọ́lẹ̀ lè fò dìde kó máa yí gbirigbiri lọ lórí yìnyín, ẹsẹ̀ èèyàn kì í sì í bá a. Nítorí náà, kí àgọ́ náà ṣì wà ní pípa lórí ilẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ yí èèkàn kan wọ inú yìnyín ní ìhà ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń bọ̀, kí wọ́n sì so igun kan mọ́ ọn. Ògiri ìhà náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà le, kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. Ẹnu ọ̀nà máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀fúùfù. Lẹ́yìn tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dúró, okùn tó wà ní àárín ògiri kọ̀ọ̀kan kàn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀fúùfù ti ń tẹ ọ̀pá wọnú tó fi ń ṣẹ́. Ẹ̀rọ alùhò oníbátìrì tí wọ́n ń lò nílé dára púpọ̀ láti fi yí èèkàn wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ yí mẹ́jọ wọ inú yìnyín líle ní òtútù á mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Ti flip-over rọrùn jù bẹ́ẹ̀: kí ẹ̀yìn sílẹ́ẹ̀dì kọjú sí ẹ̀fúùfù, kí ẹ̀fúùfù fúnra rẹ̀ máa ti aṣọ bolẹ̀.

Ìgbà yìí ni òjò dídì tí wọ́n kó jọ ń wúlò. Ìsàlẹ̀ àgọ́ ní etí aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀ yí po. Wọ́n ń kó òjò dídì lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Èyí tó gbẹ ni kí wọ́n kó. Ẹni tó bá kó ẹrẹ̀ yìnyín tó jáde láti inú ihò lé e, ó ti fi símẹ́ǹtì lẹ aṣọ rẹ̀ mọ́ adágún: láàrin wákàtí díẹ̀ yóò dì, nígbà tó bá sì fẹ́ lọ, àáké ni yóò fi gbẹ́ ẹ, bí aṣọ náà ò bá ya. Nǹkan kékeré lèyí, àmọ́ ó ṣe ẹ̀rí fún ohun tí à ń sọ. Ẹrẹ̀ yìnyín ń dí ihò afẹ́fẹ́ dáadáa ju òjò dídì gbígbẹ lọ, ilé tí kò ní kúrò títí oṣù Kẹta sì lè jàǹfààní rẹ̀. Ohun tó dára fún ilé ló ń ba àgọ́ jẹ́.

Ní ti ẹrù, bí wọ́n ṣe ń tò ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe máa nílò rẹ̀, kì í ṣe bí àyè ṣe gbà á. Ọ̀wọ́ kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ inú sílẹ́ẹ̀dì rárá, ara ni ó ń wà: ọ̀pá kékeré méjì tí ìṣó yọ lẹ́nu wọn, tí wọ́n ń fi okùn gbé kọ́ ọrùn, kí ẹni tó bá já sínú omi lè fi wọ́n ta yìnyín kó sì fa ara rẹ̀ jáde, aṣọ òtútù tó ń léfòó, fèrè, àti fóònù nínú àpò inú, níbi tí ooru ara kò ti ní jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kú. Àwọn kan ń tako ọ̀rọ̀ ìfúyẹ́ nípa ọ̀wọ́ yìí gan-an. Wọ́n ní bí a bá ń lé ìwúwo kiri, nǹkan ààbò ni àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ já sílẹ̀. Wọ́n ì bá jàre ká ní inú ẹrù ni nǹkan wọ̀nyí ń wà. Ohun tó wà lọ́rùn kì í gba àyè sílẹ́ẹ̀dì, ohun tó sì wà ní ìsàlẹ̀ sílẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí yìnyín já, kò sí ohun tó lè ṣe fún ẹni tó wà nínú omi. Ọ̀wọ́ kejì ni ti òkè ẹrù: ìlu yìnyín tí wọ́n ti fi nǹkan bo ojú rẹ̀ kí iyanrìn má baà mú kó kú, ẹ̀rọ ìwẹ́ja, ṣíbí alásẹ́ tí wọ́n fi ń bu ẹrẹ̀ yìnyín kúrò nínú ihò, ọ̀pá ìwọ̀ kan, àti àpò èèkàn. Ọ̀wọ́ kẹta, bí iná, gáàsì, àga àti oúnjẹ, ìsàlẹ̀ ni tiwọn, torí wọn kò wúlò títí dìgbà tí wọ́n bá pinnu pé ibí yìí ni àwọn máa dúró.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣe àṣejù ni ọ̀pá ìwọ̀ àti omi ìjẹ. Òfin Minnesota gba ẹnì kan láàyè okùn ìwọ̀ méjì péré lórí yìnyín. Ẹni tó bá kó ọ̀pá mẹ́jọ dání lè ní òun ti so ìwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ wọn sílẹ̀ látilé, kí ìka tó ti dì má baà máa wá ojú ìwọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì burú kó jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nínú àpótí tó ya olúkúlùkù sọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, okùn tó lọ́ mọ́ra wọn ló ń kó rìn. Ní ti ẹja kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ìjẹ, gálọ́ọ̀nù omi kan ń wúwo tó pọ́n-ùn 8 ó lé díẹ̀. Garawa tó gba gálọ́ọ̀nù 5, bí omi bá kún inú rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ju ọ̀pọ̀ àgọ́ hub lọ. Omi díẹ̀ nínú ike tó ń dá òtútù dúró ti tó, wọ́n lè bu ìyókù láti inú ihò, kí garawa náà sì di àga lọ́sàn-án, kó di ibi ìkẹ́ja sí nírọ̀lẹ́. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù fúyẹ́ ju ti òjé lọ fíìfíì, àmọ́ ilé ni kí wọ́n ti gba iná sí i, torí gbígba iná nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ òdo ń bà á jẹ́.

Iná inú àgọ́ ni ọ̀ràn tó lè pa èèyàn. Èéfín kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Òun náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ti pa odindi ìdílé mọ́ inú yàrá títì nílẹ̀ wa. Sítóòfù onígáàsì tí wọ́n ń lò lórí yìnyín máa ń ní ohun tó ń pa á fúnra rẹ̀ bí ọ́síjìn bá dín kù, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ihò afẹ́fẹ́ kan gbọ́dọ̀ ṣí lókè, kí òmíràn ṣí nísàlẹ̀, kí ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí èéfín náà bá pọ̀ sì wà níbi tí etí á ti gbọ́ ọ. Kí wọ́n gbé sítóòfù lé pákó, torí bí yìnyín abẹ́ rẹ̀ bá yọ́, yóò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó jìnnà sí aṣọ, kó má sì sí láàrin èèyàn àti ẹnu ọ̀nà. Nínú agolo gáàsì kékeré oní-pọ́n-ùn-kan, nǹkan bí BTU 21,600 (òṣùwọ̀n ooru) ló wà, nítorí náà sítóòfù tó ń jó 9,000 ní wákàtí kan á mu ún tán ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, bí wọ́n bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 4,000, ó lé ní wákàtí márùn-ún. Ẹni tó bá wọ aṣọ tó nípọn dáadáa lè lo ìwọ̀n kékeré yìí, agolo méjì á sì tó o fún ọjọ́ kan. Ẹni tó ń wá ooru ilé nínú àgọ́ á ru mẹ́rin tàbí márùn-ún, á di ihò afẹ́fẹ́ pa kí ooru rẹ̀ má baà jáde, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ìdílé. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè máa tẹ̀ lé ihò kiri nínú òtútù. Ó fẹ́ ibi gbígbóná, ó fẹ́ jókòó, ó fẹ́ jẹun. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ilé onípákó tàbí ilé onítáyà sì dára fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àwọn ilé náà gba yìnyín tó nípọn gan-an, ọkọ̀ akẹ́rù láti fà wọ́n, àti owó tó lè ra àgọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdílé tí kò bá ní wọn lè ta hub ńlá kan sítòsí èbúté, kí àgbàlagbà kan dúró ti àwọn ọmọ, kí òmíràn sì máa gbé ẹ̀rọ ìwẹ́ja kiri.

Bí àsìkò bá tó láti lọ, wọ́n á tú u sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ta á: ẹrù tó wà nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ sílẹ́ẹ̀dì, èèkàn ìhà ẹ̀fúùfù ni yóò sì gbẹ̀yìn jáde. Nílé, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ta nínú gáréèjì kó gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èbu á bò ó. Òfin Minnesota pàápàá mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tó ń ṣí nílẹ̀ àti ohun tí kì í ṣí: àgọ́ tó ń pa dé kò nílò ìwé àṣẹ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni ín bá wà nítòsí rẹ̀, ó sì ṣeé tà lọ́sàn-án lẹ́yìn ọjọ́ inú oṣù Kẹta tí ilé ìyókù ti gbọ́dọ̀ kúrò lórí adágún. Ẹni tó bá ń lọ ra tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó má wo àga tàbí fèrèsé rẹ̀ nìkan. Kó wọ ìbọ̀wọ́ òtútù rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kó ta á, kó sì tú u palẹ̀ láìbọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Èyí tí kò bá ṣeé tú bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún wọn.